Ọ̀wẹ̀ Nínú Ẹ̀rọ: Bí Àwọn Olùwádìí Ṣe Ń Lo Kọ̀ǹpútà Alágbára

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń yan gààrí lọ́wọ́ báyìí, tí ẹ gbé rédíò sí ẹ̀gbẹ́ agbada, ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ má pa rédíò, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, kò ní í pẹ́ tí yóò fi kàn yín.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Kì í ṣe ti orí tábìlì o, kì í sì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ wa fi ń ṣe ìdánwò JAMB. Èyí tí mo ń sọ yìí tóbi débi pé odidi ilé ni wọ́n ń kọ́ fún un. Òyìnbó ń pè é ní supercomputer. Kọ̀ǹpútà alágbára ni èmi yóò máa pè é. Àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì káàkiri ayé ń fi í ṣèwádìí tọ̀sán tòru. Kí ni wọ́n ń fi í ṣe tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì wọn kò lè ṣe? Ohun tí a fẹ́ wò lónìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì sí kọ̀ǹpútà kankan.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ń jẹ́ Lewis Fry Richardson. Ọmọ ìjọ Quaker ni, ẹ̀sìn rẹ̀ kò sì gbà á láyè láti gbé ìbọn. Ó bá lọ ń wa ọkọ̀ tí ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ díẹ̀, á jókòó sórí òkìtì koríko gbígbẹ nínú òtútù, á mú ìwé àti pẹ́ńsù, á máa ṣe ìṣirò. Ìṣirò kí ni? Ìṣirò ojú ọjọ́. Ó ní bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́, bí ó ṣe ń móoru, bí ó ṣe ń wúwo, kò sí èyí tí kò ní òfin tirẹ̀. Bí a bá mọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí láàárọ̀, ó yẹ kí á lè ṣírò bí yóò ṣe rí lọ́sàn-án.

Ó mú ọjọ́ kan tó ti kọjá, ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún ọdún 1910, ó ní òun fẹ́ ṣírò bí ojú ọjọ́ ṣe yí padà ní wákàtí mẹ́fà péré, ní agbègbè kan ní àárín Yúróòpù. Ẹ mọ iye àkókò tí ìṣirò wákàtí mẹ́fà gbà á? Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Nígbà tí ìjà le, ìwé tó ń kọ tilẹ̀ sọnù. Ìgbà tó yá ni wọ́n rí i lábẹ́ òkìtì èédú ní Belgium. Èsì ìṣirò náà ńkọ́? Ó kùnà pátápátá. Ìṣirò ní ìwúwo afẹ́fẹ́ yóò ga sókè lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, ìwúwo afẹ́fẹ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá. Ṣùgbọ́n Richardson kò fi í pamọ́. Nígbà tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1922, ó kọ àṣìṣe náà síbẹ̀ fún gbogbo ayé. Èmi bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn nìkan.

Nínú ìwé yẹn kan náà, ó ro ohun kan tí ó jọ àlá. Ó ní kí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ńlá kan, kí wọ́n kó ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, 64,000 ènìyàn, jókòó sínú rẹ̀. Kí wọ́n pín ayé sí ojúlé-ojúlé, kí oníkálukú máa ṣírò ojú ọjọ́ ojúlé tirẹ̀, kí ó máa sọ èsì fún àwọn tó wà ní ojúlé tó yí i ká. Kí ẹnì kan dúró láàárín gbọ̀ngàn, kí ó máa tan iná pupa sí àwọn tó ń yára jù, kí ó máa tan iná búlúù sí àwọn tó ń fà sẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ oko, ṣé ẹ ò rí i pé ọ̀wẹ̀ ni ọkùnrin yìí ń pè? Oko tó tóbi ju agbára ẹnì kan lọ, ó bẹ ọ̀pọ̀ ọwọ́ sí i, ó fún oníkálukú ní ìwọ̀n ebè tirẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di èyí mú o: ọ̀wẹ̀ ni kọ̀ǹpútà alágbára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni, tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé ju ti gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà ni wọ́n tò sínú àwọn kọ́bọ́ọ̀dù gíga, tí wọ́n fi wáyà so wọ́n pọ̀, tí wọ́n sì pín iṣẹ́ kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Tí ẹ bá yọ ọ̀kan jáde nínú wọn, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ilé iṣẹ́ ńlá kan ń lò.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí iṣẹ́ yìí ti le ju ti oko lọ. Nínú oko, ẹni tó ń kọ ebè tirẹ̀ lè má wo ojú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìkùukùu òjò ní tirẹ̀ kì í mọ ààlà. Òjò tó ṣú ní ojúlé tèmi lè rọ̀ sí ojúlé tìrẹ. Nítorí náà, gbogbo kọ̀ǹpútà inú ilé yẹn gbọ́dọ̀ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà, kíákíá, láìdúró. Ìdí nìyí tí wáyà tó so wọ́n pọ̀ fi ṣe pàtàkì bí àwọn kọ̀ǹpútà náà fúnra wọn. Iṣẹ́ tó bá ṣeé pín sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń yá. Èyí tí gbogbo apá rẹ̀ ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ara wọn ní ń fún olùwádìí ní ẹ̀fọ́rí.

Báwo ni agbára rẹ̀ ti tó? Ní 1950, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà ENIAC ṣírò ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, ìṣirò ọjọ́ kan gbà wọ́n ní bí ọjọ́ kan. Ìyẹn ni pé bí wọ́n ṣe ń ṣírò ọ̀la, ni ọ̀la ń dé. Ẹ wá wo ti ìsinsìnyí. Ní 2022, kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ Frontier, ní Oak Ridge, ìpínlẹ̀ Tennessee, di àkọ́kọ́ tí a kà sílẹ̀ tí ó ṣe ìṣirò tó lé ní bílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nọ́ńbà yẹn kò wọ orí, àbí? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí. Kí gbogbo ènìyàn tó wà láyé, ọmọdé àti àgbà, máa ṣe ìṣirò kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má sùn, kí wọ́n má jẹun. Ohun tí Frontier ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan yóò gbà wọ́n ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin.

Ọmọ tí a bí ní Àkúrẹ́ wa níhìn-ín wà nínú ìtàn yìí. Philip Emeagwali ni orúkọ rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, Àkúrẹ́ ni wọ́n sì bí i sí ní 1954. Ó gba ẹ̀bùn Gordon Bell ti ọdún 1989, ẹ̀bùn tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń fún àwọn tó bá lo kọ̀ǹpútà alágbára lọ́nà àrà. Kí ló ṣe? Epo rọ̀bì tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé: báwo ni epo, omi àti gáàsì ṣe ń rìn nínú àpáta? Ó fi ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Connection Machine ṣe ìṣirò náà. Ẹ̀rọ yẹn ní 65,536 ẹ̀rọ ìṣirò kéékèèké nínú, wọn kò sì lágbára púpọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pín iṣẹ́ náà fún gbogbo wọn, iṣẹ́ náà sì ṣeé ṣe pẹ̀lú owó tí kò pọ̀. Ẹ̀ẹ́ máa gbọ́ kí àwọn kan sọ pé òun ló dá íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àbùmọ́ nìyẹn. Ẹ̀bùn tó gbà tó láti yangàn, kò nílò àbùmọ́ kankan.

Ó yá, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń yan gààrí, ó kàn yín wàyí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ dé.

Ẹ mọ àrùn tó máa ń ṣe ewé ẹ̀gẹ́, tí àbàwọ́n yẹ́lò á bo ewé, tí ewé á ká kò, tí igi rẹ̀ kò ní í dàgbà? Mòsáìkì ni wọ́n ń pè é. Ó wà lóko wa. Òmíràn wà tí ó burú jù ú lọ, tí ó ń jà ní ìlà oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ti mọ̀ ní Tanzania láti àwọn ọdún 1930. Brown streak ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀dàlẹ̀ ni àrùn yìí. Ewé lè dára lókè, kí igi dúró ṣánṣán, kí àgbẹ̀ máa yọ̀ pé ọdún yìí yóò ṣe òun lóore. Ọjọ́ tó bá wú u, tó gé e sí méjì, ni yóò rí i pé inú ẹ̀gẹ́ ti jẹrà, kò ṣeé jẹ, kò ṣeé tà, kò ṣeé rọ gààrí. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa àrùn méjèèjì. Ta sì ni ń gbé fáírọ́ọ̀sì láti igi dé igi? Eṣinṣin funfun kékeré kan, tí ó máa ń fara pamọ́ sábẹ́ ewé. Tí ẹ ò bá yí ewé padà, ẹ ò ní rí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ti kọ̀ǹpútà nìyí. Eṣinṣin funfun yìí kì í ṣe ẹ̀yà kan. Bí ẹ bá tò wọ́n sórí tábìlì, ojú kan náà ni gbogbo wọn ní. Ṣùgbọ́n tí a bá ka DNA wọn, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó wà nínú ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, a óò rí i pé ẹ̀yà wọn lé ní ọgbọ̀n. Ṣé ìyẹn tó nǹkan? Ó tó nǹkan púpọ̀. Ohun tó ń pa ẹ̀yà kan lè má ran ẹ̀yà mìíràn. Irú ẹ̀gẹ́ tí ẹ̀yà kan kò lè bà jẹ́, ẹ̀yà mìíràn lè sọ ọ́ di oúnjẹ. Àgbẹ̀ tí kò mọ ẹ̀yà tó wà lóko rẹ̀, òkùnkùn ló ń bá jà.

Laura Boykin, onímọ̀ ohun ẹlẹ́mìí ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kan ní Perth, ní ilẹ̀ Australia, dara pọ̀ mọ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà bíi Joseph Ndunguru ní Tanzania àti Titus Alicai ní Uganda. Wọ́n kó eṣinṣin funfun jọ láti inú oko, wọ́n ka DNA wọn, wọ́n sì fẹ́ mọ ìran wọn: èwo ni ọmọ ìyá èwo? Èwo ni wọ́n ti pínyà tipẹ́tipẹ́?

Ẹ lè sọ pé, ṣé ìyẹn náà le? Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀. Ká ní a kò tíì bèèrè ẹni tó jẹ́ baba ńlá wọn, pé bí wọ́n ṣe tan mọ́ ara wọn nìkan ni a fẹ́ mọ̀. Bí kòkòrò bá jẹ́ mẹ́ta, ọ̀nà kan ṣoṣo ni a lè gbà so wọ́n pọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, ọ̀nà mẹ́ta ni. Márùn-ún, ọ̀nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Títí dé ibẹ̀, ọmọ iléèwé á ṣe é. Bí wọ́n bá di mẹ́wàá ńkọ́? Ọ̀nà tó wà lé ní mílíọ̀nù méjì. Kòkòrò mẹ́wàá péré o! Bí wọ́n bá di ogún, nọ́ńbà náà yóò gba díjíìtì mọ́kànlélógún láti kọ. Bí wọ́n bá sì di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, díjíìtì nọ́ńbà náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Mo tún un sọ: kì í ṣe nọ́ńbà tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan o, nọ́ńbà tí kíkọ rẹ̀ sílẹ̀ gba díjíìtì tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan.

Kò sí kọ̀ǹpútà tí ó lè yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Frontier kò lè ṣe é. Bí wọ́n bá kọ́ èyí tó lágbára jù ú lọ ní ìlọ́po mílíọ̀nù, kò lè ṣe é. Kí wá ni àwọn olùwádìí ń ṣe? Ọgbọ́n ni wọ́n ń dá. Wọ́n á ní kí kọ̀ǹpútà mú ọ̀nà kan, kí ó wò ó bóyá ó bá DNA tó wà nílẹ̀ mu. Kí ó wá ṣí ẹ̀ka kan nípò, kí ó tún wò ó. Tí ó bá dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ó dì í mú. Tí kò bá dára tó o, kí ó sábà ju ú nù. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà. Ibi tí ọ̀wẹ̀ ti wúlò nìyí: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ ìwákiri náà láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí gbogbo wọn bá padà pàdé síbì kan náà, ọkàn olùwádìí á balẹ̀ pé ọ̀nà náà tọ́. Bí wọ́n bá fọ́nká, ó mọ̀ pé òun kò tíì débẹ̀.

Kọ̀ǹpútà Magnus, tó wà ní ibùdó Pawsey ní Perth nígbà náà, ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ yìí. Nígbà tó yá, àwọn olùwádìí yìí tún gbé ìgbésẹ̀ mìíràn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń ka DNA, tó kéré débi pé àtẹ́lẹwọ́ gbà á, lọ sínú oko ní Tanzania, Uganda àti Kenya. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ka DNA fáírọ́ọ̀sì inú ewé ẹ̀gẹ́, wọ́n sì sọ fún àgbẹ̀ lọ́jọ́ náà ohun tó ń ṣe oko rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, oṣù lórí oṣù ni irú èsì bẹ́ẹ̀ ń gbà kí ó tó dé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀rọ ńlá ní iṣẹ́ tirẹ̀, ẹ̀rọ kékeré ní tirẹ̀.

Kí ló kan àwa ní ìwọ̀ oòrùn? Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù ní gbogbo àgbáyé. Bí brown streak bá wọlé tọ̀ wá, gààrí, fùfú àti láfún ló wọ gàù yẹn. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí láti Côte d'Ivoire, Nàìjíríà, Benin, Togo àti àwọn ilẹ̀ mìíràn fi para pọ̀ dá ẹgbẹ́ WAVE sílẹ̀, tí wọ́n ń ṣọ́ àrùn ẹ̀gẹ́ kí ó má bàa yọ́ kẹ́lẹ́ wọlé.

Ẹ jẹ́ ká yà díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ ìlànà. Ta ló ń gba olùwádìí láyè láti lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀? Ṣé ọlọ́rọ̀ nìkan ni? Rárá. Ní ọ̀pọ̀ ibùdó tí ìjọba ń ṣe agbátẹrù rẹ̀, ọ̀mọ̀wé kì í san kọ́bọ̀. Yóò kọ ìwé ẹ̀bẹ̀: ìbéèrè mi nìyí, ìdí tí kọ̀ǹpútà kékeré kò fi lè dáhùn rẹ̀ nìyí, wákàtí tí mo nílò nìyí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò jókòó yẹ̀ ẹ́ wò. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, wákàtí ni wọ́n máa fún un, kì í ṣe owó. Wọ́n á sì máa yọ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lò ó.

Kò ní í rìn dé ibi tí ẹ̀rọ wà o. Ọ̀pọ̀ olùwádìí kò fojú kan ẹ̀rọ náà rí títí wọ́n fi gboyè. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń wọlé. Olùwádìí á kọ kóòdù rẹ̀, á fi iṣẹ́ náà sórí ìlà, nítorí àwọn mìíràn ti wà níwájú rẹ̀. Ó lè dúró di ọ̀la kó tó kàn án. Bí ó bá bèèrè fún wákàtí mẹ́wàá tí iṣẹ́ kò sì tíì parí nígbà tí wákàtí mẹ́wàá pé, ẹ̀rọ á já a kúrò, kò sí ẹ̀bẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó gbọ́n á ti máa tọ́jú èsì sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kí ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó dé. Lójú tèmi, ìgbà tí ẹ̀rọ ń ṣírò kọ́ ni iṣẹ́ náà ti le jù. Kóòdù kíkọ, kí ó tó ṣeé pín láìsí àṣìṣe, ló máa ń jẹ oṣù.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba iṣẹ́ méjì mìíràn wéré. Ní 2013, Klaus Schulten àti àwọn akẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Illinois lo kọ̀ǹpútà Blue Waters láti yẹ èèpo inú fáírọ́ọ̀sì HIV wò, èyí tó bo àkọsílẹ̀ ìran rẹ̀ mọ́lẹ̀. Awò amúǹkan-tóbi kan ní Pittsburgh ti ya àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán náà kò mọ́lẹ̀ dé ibi tí a ti lè rí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ló bá wọn to àwọn átọ́ọ̀mù náà, tí gbogbo wọn pẹ̀lú ti omi tó yí wọn ká jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, tí ó sì ń ṣírò bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń fa ọmọnìkejì rẹ̀ tàbí tì í. Ìkejì ni ti Japan. Nígbà àrùn Kòrónà, wọ́n fi kọ̀ǹpútà Fugaku ní ìlú Kobe ṣírò ibi tí itọ́ tí kò ṣeé fojú rí ń gbà tí ènìyàn bá wúkọ́ tàbí tó bá sọ̀rọ̀. Wọ́n rí i pé nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ, bí ìgbà ọyẹ́, itọ́ tí ń fò kiri máa ń pọ̀ ju ti yàrá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lómi lọ. Fún ìwádìí bẹ́ẹ̀, wọn kò ní láti mú ẹnikẹ́ni kí ó lọ wúkọ́ sójú ẹlòmíràn.

Ṣé gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ ló wá di òótọ́ nìyẹn? Ẹ rántí Richardson. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, onímọ̀ ojú ọjọ́ ọmọ Ireland kan, Peter Lynch, fi kọ̀ǹpútà tún ìṣirò náà ṣe. Ẹ mọ ohun tó rí? Èsì rẹ̀ bá ti Richardson mu. Ìyẹn ni pé ọ̀nà ìṣirò náà kọ́ ló kùnà. Ohun tí wọ́n wọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ náà, ti ìwúwo afẹ́fẹ́ àti ti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́, ni kò bára mu. Nígbà tí Lynch tún àwọn nọ́ńbà yẹn ṣe kí ó tó bẹ̀rẹ̀, èsì tó mọ́gbọ́n dání ló jáde. Nítorí náà, bí nọ́ńbà tí a fún kọ̀ǹpútà kò bá pé, kíákíá ni yóò fi ṣì wá lọ́nà. Olùwádìí gidi kì í gba èsì kọ̀ǹpútà láìtún padà lọ sí oko, sí yàrá ìwádìí, sí ibi tí òjò ti rọ̀, kí ó lọ wò ó bóyá ó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ka òjò gan-an ní ohun tuntun fún wa. Tẹ́lẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò bí ojú ọjọ́ Áfíríkà yóò ṣe rí ní ọjọ́ iwájú, ojúlé tí wọ́n ń pín ilẹ̀ sí máa ń tóbi débi pé ìjì òjò kan lè rọ̀ tán nínú rẹ̀ kí ìṣirò má rí i. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ wọn àti Yunifásítì Leeds, wá pín gbogbo Áfíríkà sí ojúlé tí ìbú rẹ̀ kò ju kìlómítà mẹ́rin ààbọ̀ lọ. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà alágbára nìkan ló lè gbé e. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 ni pé tí ayé bá ń móoru lọ báyìí, òjò tó bá rọ̀ yóò máa le sí i, ọ̀dá tí ń wọ àárín àkókò òjò yóò sì máa gùn sí i. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún àgbàdo.

Ìbéèrè kan kù: ṣé àwa ní Áfíríkà ní tiwa? Ẹ̀rọ yìí ń jẹ iná, ó ń mu omi. Iná tí Frontier ń lò tó nǹkan bíi mégáwáàtì mọ́kànlélógún, omi ni wọ́n sì fi ń tù ú lójú. Àwa tí a mọ ohun tí àìsí iná ń fi ojú wa rí, a mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹ̀rọ nìkan. Síbẹ̀, South Africa ní ibùdó kan ní Cape Town, wọ́n sì gbé kọ̀ǹpútà Lengau kalẹ̀ níbẹ̀ ní 2016. Morocco náà ní Toubkal, ní yunifásítì kan ní Ben Guerir. Nígbà tí Yunifásítì Texas pa kọ̀ǹpútà Ranger wọn ní 2013, wọn kò dà á nù. Wọ́n kó apá kan rẹ̀ ránṣẹ́ sí Cape Town, kí wọ́n pín in fún àwọn yunifásítì ní gúúsù Áfíríkà. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ South Africa lọ sí Leipzig ní Jámánì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń figagbága lórí kọ̀ǹpútà alágbára. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa lọ nìyẹn, àwọn ni wọ́n sì gbégbá orókè. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n padà lọ, wọ́n tún gbà á.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní yunifásítì, tí ẹ ń bèèrè ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń lo Linux, nítorí láti òpin 2017, òun ni gbogbo ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kọ̀ǹpútà tó lágbára jù láyé ń lò. Ọ̀fẹ́ ni. Kọ̀ǹpútà àlòkù tí ẹ rà ní ọjà á gbé e. Bí a ṣe ń pàṣẹ fún un níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí bí a ṣe ń pàṣẹ fún Lengau tàbí Frontier. Lẹ́yìn náà, ẹ wá olùkọ́ kan ní ẹ̀ka yín tí ìbéèrè rẹ̀ ti tóbi ju kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ, kí ẹ jọ jókòó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ fún wákàtí.